Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Mo Fi Dúró De Ìbò ní Ìlú Ajùmọ̀jókòó

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án òní, ẹ kú àbọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni ẹ wá kí. Ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú yín ni olúkúlùkù yín ń lọ, àwọn kan forí lé apá ọ̀tún ìlú, àwọn kan forí lé apá òsì, kí òjò tó sọ gbogbo yín di àlejò mi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tí kò bá rí àga, kí ó jókòó lórí awọ ẹfọ̀n yẹn. Ìbọn kan ṣoṣo ni mo yìn fún un, kò sì bèèrè èkejì.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọdẹ kan wà ní agbègbè yìí tí ó jù mí lọ, ẹ bi í léèrè ibi tí wọ́n sin ọdẹ náà sí. Mo ti dáná jẹun nínú igbó tí ẹ̀yin kò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí ẹ má tọ̀ sára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìtàn tí n ó sọ yìí ni mo fi ń yangàn. N ó sọ ọ́ bí ó ti rí, ibi tí mo ti ṣe akin àti ibi tí ó ń dùn mí títí di òní. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, odò Òròmù tí ó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ìlú wa, Òkè-Àgbàrá, gbẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbẹ Òròmù. Àwọn baba ńlá wa kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sì fà díẹ̀díẹ̀ bí odò ti ń fà. Àwọn obìnrin pọn omi láàárọ̀, nígbà tí wọ́n fi máa padà lọ ní ìrọ̀lẹ́, iyanrìn ni wọ́n bá, bí ìgbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn ọmọdé ń lá ògiri ìkòkò.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, àwọn àgbà sọ pé ìsun odò yìí wà ní ìlú àwọn iwin kan, ní òdìkejì igbó. Ẹni tí yóò lọ bá wa bi wọ́n léèrè ẹ̀ṣẹ̀ wa ni à ń wá. Omi tí kò ní dá mọ́ ni kí ó bá wa tọrọ."

Mo ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Bí ikú bá wà lójú ọ̀nà, kí ó yà fún mi."

Àbúrò mi, Ọdẹ́bíyìí, ni ó sìn mí dé ẹ̀yìn odi. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni. Kò ṣọdẹ bí tèmi, kànga ni ó ń gbẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ inú ilẹ̀ tó o. Ìyàwó rẹ̀, Ìbídùn, pọn ọmọ sẹ́yìn, ó di iṣu sísun fún mi sínú ewé.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pẹ́ o. Kí ẹ tó dé, n ó máa wo kànga àtijọ́ ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀. Bóyá omi díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Kànga yẹn ti gbó. Ògiri rẹ̀ ti ń ya."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí òùngbẹ wá pa wá ni?"

Bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nìyẹn.

Mo wọ igbó. N kò ní fi ọjọ́ yín ṣòfò lórí iye òkè tí mo gùn. Ohun tí ó tọ́ kí ẹ gbọ́ ni pé, níbi tí ọ̀nà ti pẹ̀ka, mo bá iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́numéjì. Ẹnu kan wà níwájú orí rẹ̀, ẹnu kejì wà ní ìpàkọ́, àwọn méjèèjì kì í sì í fohùn ṣọ̀kan. Láńlẹ́yìn, ìwọ akọ̀wé ẹgbẹ́, má rẹ́rìn-ín o. Ẹnu kan péré ni Ọlọ́run fún ìwọ, o sì fi sọ ọ̀rọ̀ méjì láàárọ̀ yìí.

Ẹnu iwájú ní, "Máa kọjá."

Ẹnu ìpàkọ́ ní, "Bí ó bá kọjá, a ó jẹ ẹ́."

Ẹnu iwájú ní, "Ṣùgbọ́n bí ó bá dáhùn àlọ́ wa, a kò ní jẹ ẹ́ tán." Ó wá kọjú sí mi. "Ọmọ ènìyàn, kí ni ó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá gbé e lọ sílé ara rẹ̀, kò ní sí mọ́?"

Mo wo ilẹ̀, mo rí ibi tí ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò ti tẹ koríko mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ọ̀nà ni. Ẹni tí ó bá kọ́lé sórí ọ̀nà kò ní ọ̀nà, ìlú náà kò sì ní."

Àwọn ẹnu méjèèjì dákẹ́ pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Lẹ́yìn náà ẹnu ìpàkọ́ ní, "O gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà nìkan kọ́. Máa lọ. Ìlú tí ó wà níwájú yóò fi ìyókù hàn ọ́."

Ìlú tí ó wà níwájú ni Ìlú Olúkúlùkù. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: àwọn Orí-Gígùn, àwọn Etí-Fífẹ̀, àti àwọn Onírù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ó ní adájọ́ tirẹ̀, ó ní akéde tirẹ̀, kódà ó ní òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn àgbàdo. Bí mo ti wọ ẹnubodè, ẹ̀ṣọ́ àwọn Orí-Gígùn bi mí pé ọjọ́ wo ni òní. Mo ní Ọjọ́rú ni. Ó fọ́ mi létí, ó ní akéde àwọn ti kéde pé ọjọ́ Ajé ni. Mo rìn díẹ̀, mo bá ẹ̀ṣọ́ àwọn Etí-Fífẹ̀, mo yára sọ pé ọjọ́ Ajé ni òní. Ó fi kùmọ̀ gún mi níhà, ó ní ọjọ́ Ẹtì ni. Àwọn Onírù ní tiwọn sọ pé àná ni a ṣì wà, wọ́n sì dè mí mọ́gi nítorí pé mo dé kí ọjọ́ tí mo dé tó pé.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta dá ẹjọ́ mi. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ mí. Ẹni kejì ní n kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí adájọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti fọwọ́ kàn mí, mo ti di aláìmọ́, kí wọ́n jẹ mí. Ẹni kẹta kò gbọ́ ẹjọ́ rárá, itan ọ̀tún mi ni ó ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kan pé ta ni yóò mú orí, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn.

Arúgbó iwin kan tí ó ń sá ara rẹ̀ sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà ni ó tú mi sílẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé bí ìlú yín ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Ó ní, "Rárá o. Adájọ́ kan ṣoṣo ni a ní tẹ́lẹ̀, ó sì dára. Ẹgbẹ́ kan rí i pé ó dára, wọ́n ní àwọn yóò mú un lọ sílé kí àwọn yòókù má baà bà á jẹ́. Ọjọ́ tí ó wọlé wọn ni kò sí adájọ́ mọ́. Àwọn yòókù náà wá lọ gbẹ́ tiwọn. Ọmọ, sáré, wọ́n ti pín orí rẹ tán."

Mo sáré. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ọdẹ tí kò mọ ìgbà tí a ń sá kì í dàgbà tó báyìí.

Ọ̀sán ni mo dé Ìlú Ajùmọ̀jókòó, ibi tí ìsun odò wa wà. Ìlú àwọn iwin ni, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, ọ̀nà rẹ̀ gún. Ní àárín rẹ̀ ni ilé ńlá kan wà tí kò ní ilẹ̀kùn, tí wọ́n to àga sí ní ìhà méjì tí wọ́n ń kọjú síra wọn. Àwọn aṣòfin ìlú ni ó ń jókòó síbẹ̀, mọ́kànlélógójì, yàtọ̀ sí Abẹnugan tí ó ń darí wọn.

Ní ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ti bá iwin obìnrin kan tí ìpẹ́ ẹja bo apá rẹ̀ méjèèjì, tí ó jókòó sórí òkúta, tí ó káwọ́ gbera. Ó wò mí, ó ní, "Ètè rẹ ti ya. Láti ìsàlẹ̀ odò ni o ti wá."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ta ni ó ti omi mọ́ wa?"

Ó ní, "Mákúrò ni orúkọ mi. Èmi ni Olùṣọ́ Ìsun fún ọgbọ̀n ọdún, kí Olóòtú Ìjọba tó lé mi lóṣù tó kọjá. Jókòó, kí n ṣàlàyé fún ọ, nítorí ẹni tí kò mọ òfin ilé yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní balẹ̀ níbẹ̀."

Báyìí ni ó ṣe ṣàlàyé fún mi. Ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ ní ìlú wọn, kò sì sí ẹni tí ó lòdì sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè kà. Kí ẹgbẹ́ dìbò yan olórí rẹ̀ ní gbangba, kí ó má sì ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní àga tó pọ̀ jù nínú Ilé ni yóò mú Olóòtú Ìjọba wá, Olóòtú yóò sì máa ṣàkóso níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú Ilé bá ṣì gbà á gbọ́. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ bá sọ pé àwọn kò gbà á gbọ́ mọ́, ó di dandan kí ó dìde. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tí ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàkóso: ilé ìdájọ́, ilé àwọn tí ń ka ìbò, ilé ẹ̀ṣọ́, àti ojú ìsun omi.

Mákúrò ní, "Ajùwọ̀nlọ ni orúkọ Olóòtú wa, olórí ẹgbẹ́ Fìlà Pupa. Ó lé mi kúrò lójú ìsun, ó fi akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlú tí kò bá dé fìlà pupa kò rí omi. Ẹgbẹ́ alátakò ti pariwo nínú Ilé, Ajùwọ̀nlọ ní irọ́ ni, pé kò sí ìlú tí òùngbẹ ń gbẹ, pé ọ̀dá ni. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wá. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó la igbó já láàyè."

Ẹ gbọ́ o, ẹni àkọ́kọ́! N kò bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó mú mi lọ bá Abẹnugan. Iwin gàgàrà kan tí etí rẹ̀ dà bí ewé kókò ni, kò sì dé fìlà kankan, nítorí ọjọ́ tí ó ti jókòó sórí àga náà ni ó ti bọ́ fìlà ẹgbẹ́ rẹ̀. Olórí àwọn alátakò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ Atẹnumọ́, dìde nínú Ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní òun mú àbá wá pé Ilé kò gba Ajùwọ̀nlọ gbọ́ mọ́, òun sì ní ẹlẹ́rìí. Abẹnugan ní, "Mo gbọ́. Òfin ní kí irú àbá bẹ́ẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́rin kí a tó dìbò lé e lórí. Ọjọ́ kẹrin òní ni a ó pàdé."

Mo fò dìde. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀? Àwọn ènìyàn mi ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìbò yín lónìí."

Ó yí etí rẹ̀ ńlá sí mi. "Ọmọ ènìyàn, ó ṣe mí láàánú. A fi ọjọ́ mẹ́rin sí i kí inú tí ó ń ru lè rọlẹ̀, kí ẹni tí a fẹ́ yọ lè rí àyè sọ tirẹ̀. Bí mo bá gé e kúrú lónìí láti fi gbà ọ́, ẹni tí ó bá jókòó síbí lọ́la yóò gé e kúrú láti fi pa ẹlòmíràn. N kò ní agbára rẹ̀."

Inú bí mi. N kò ní purọ́ fún yín, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni tí omi wà ní àmù ilé rẹ̀.

N kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ìránṣẹ́ fi dé pé Olóòtú Ìjọba ń pè mí jẹun. Mo lọ. Ajùwọ̀nlọ ga tó igi ìrókò kékeré, apá mẹ́rin ni ó ní, ó sì ń fi gbogbo wọn kí mi. Ó gbé ẹran ìgalà kalẹ̀, ó gbé omi tútù kalẹ̀. Mo mu omi. N kò jẹ ẹran.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, mo ti gbọ́ òkìkí rẹ. Ọkùnrin bíi tìẹ kì í ṣe ẹni tí à ń mú dúró. Wo fìlà yìí. Dé e. Tẹ àtàǹpàkò rẹ sínú ìwé ẹgbẹ́ mi. Kí o tó jẹ ẹran yẹn tán, mo ti ṣí omi sí ìlú rẹ. Kí o máa lọ sílé, kí o má bá wọn dé inú Ilé yẹn mọ́."

Mo bi í pé, "Lónìí?"

Ó ní, "Nísinsìnyí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo di fìlà náà mú. Ó rọ̀, ó sì lẹ́wà. Mo rántí àwọn ọmọ tí ń lá ìkòkò. Ọwọ́ mi ti gbé e sókè dé etí. Ohun tí ó dá mi dúró kì í ṣe ìwà rere, kí ẹ má fi mí ṣe ẹni mímọ́. Ìbéèrè kan ni ó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Bí ìwọ bá kúrò lórí àga yìí, tí ẹlòmíràn dé pẹ̀lú fìlà dúdú, omi wa ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ẹ yáa máa gbàdúrà kí n má kúrò."

Baálẹ̀ ní kí n tọrọ omi tí kò ní dá mọ́. Èyí tí ọkùnrin yìí fẹ́ fún mi, ìgbà tí ó bá fi wà lórí àga nìkan ni yóò máa ṣàn. Mo gbé fìlà náà padà sórí tábìlì, mo dúpẹ́ fún omi tí mo mu, mo jáde. Mo ti ń kábàámọ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì, Ajùwọ̀nlọ pàṣẹ fún olórí ẹ̀ṣọ́ pé kí ó lé mi jáde nílùú. Olórí ẹ̀ṣọ́ yìí ní orí ẹfọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná. Ó ṣí ìwé òfin, ó fi ìka tọ́ ọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Olóòtú lè rán wa sí olè. Kò lè rán wa sí ẹlẹ́rìí." Ajùwọ̀nlọ bá rán àwọn ìpáǹle ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá. Ẹni àkọ́kọ́ ní eyín bí ayùn. Mo gbá a mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eyín náà fi ṣí kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí a bá gbọn àgbàdo dànù. Mo ń yíjú sí ìkejì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọ́n kó wọn lọ sílé ẹjọ́. Mo bínú pé wọ́n tètè dé. Ìyẹn ni ìjà kan ṣoṣo tí mo jà ní ìlú náà.

Ọjọ́ kẹta gùn jù. Mo jókòó ti Mákúrò lórí òkúta rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Mo ti dọdẹ ẹkùn fún ọjọ́ méje rí láìsùn, kò sú mi tó bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá inú kò bí i. Ó ní òun ń bínú. Ó ní, "Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè omi wà. Mo lè jí i. Ṣùgbọ́n èmi tí mo bá jí i, kí ni n ó fi yàtọ̀ sí akọ̀wé yẹn?"

Ọjọ́ kẹrin pé. Ilé kún. Àwọn Fìlà Pupa jẹ́ méjìlélógún, àwọn yòókù jẹ́ mọ́kàndínlógún. Atẹnumọ́ ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo sọ ọ́, láti orí odò tí ó gbẹ títí dé orí àwọn ewúrẹ́. Àwọn Fìlà Pupa ń hó lé mi lórí. Ajùwọ̀nlọ dìde, ó ní, "Ọdẹ ni. Iṣẹ́ ọdẹ ni irọ́ pípa. Kí ni ẹ̀rí rẹ̀?"

Mo ní, "Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dá ni, kí ni o fẹ́ ṣí fún mi ní ọjọ́ tí o pè mí jẹun, tí o ní kí n dé fìlà?"

Ẹ wo ìwà agbéraga. Ì bá sẹ́, ìlú ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo Ilé ti wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kí a rí òun bí ahun. Ó na apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Mo ṣàánú rẹ ni! Ẹnubodè omi tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ mi, ṣé n kò lè fi ta ẹni tí mo bá fẹ́ lọ́rẹ ni?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wá yé e ohun tí ó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di ẹyin, ó ti fọ́.

Ní ìhà àwọn Fìlà Pupa, iwin arúgbó kan dìde, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí àga. Ó ní, "Mo wà nínú ẹgbẹ́ yìí kí a tó bí Ajùwọ̀nlọ. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ó lè sin ìlú. N kò mọ ọjọ́ tí a ní kí ìlú máa sin ẹgbẹ́." Ajùwọ̀nlọ kígbe pé òun yóò gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹnugan ní, "Ẹgbẹ́ lè yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Àga jẹ́ ti àwọn tí ó dìbò fún un. Jókòó." Fìlà Pupa kan sí i dìde tẹ̀lé arúgbó náà, òun náà bọ́ fìlà rẹ̀.

Wọ́n dìbò. Wọ́n kà á lójú gbogbo wa. Ogún gba Ajùwọ̀nlọ gbọ́. Mọ́kànlélógún kò gbà á gbọ́.

Mo gbá ìbọn mi mú, mo ń retí ogun. Ní ìlú tí mo ti là kọjá, orí ì bá ti máa fò. Ajùwọ̀nlọ yọ òǹtẹ̀ ìjọba kúrò ní ọrùn rẹ̀, ó gbé e fún Abẹnugan, ó rìn kọjá láàárín Ilé, ó lọ jókòó sí ìhà kejì, níbi tí àwọn alátakò ń jókòó sí. Wọ́n fi Atẹnumọ́ ṣe Olóòtú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣé ẹ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dìde láti bi í ní ìbéèrè? Ajùwọ̀nlọ ni. Ìbéèrè náà sì le.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ilé ṣe ni pé wọ́n dá Mákúrò padà sójú ìsun. Atẹnumọ́ fúnra rẹ̀ fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Mákúrò, ọ̀rẹ́ wa nìyí. Ṣí tirẹ̀ ṣáájú."

Mákúrò ní, "Rárá."

Atẹnumọ́ ní, "Èmi ni Olóòtú Ìjọba."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ kú oríire. Ìlú méjì ni wọ́n ti omi mọ́ ṣáájú tirẹ̀. Bí mo bá sì ṣí ju ojú kan lọ lọ́jọ́ kan, omi yóò gbá àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ. Tirẹ̀ di ọ̀túnla."

Ojú ti Atẹnumọ́, ó lọ. Èmi kò lọ. Mo na ìbọn sí Mákúrò láyà. Mo ní, "Èmi tí mo dá ọ padà sórí àga yìí!" Ó wo ẹnu ìbọn, ó wò mí, ó ní, "Ṣé nítorí kí n lè máa ṣe ojúsàájú fún ọ ni o fi dá mi padà?" Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lọ ṣí omi ìlú àkọ́kọ́. Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ní ọ̀túnla, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ó ṣí tiwa.

Omi náà sáré jù mí lọ. Nígbà tí mo máa fi dé Òkè-Àgbàrá, Òròmù ti kún, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé mi sọ́rùn. Mo ń wá àbúrò mi láàárín èrò. Baálẹ̀ ni ó mú mi sápá kan. Ọdẹ́bíyìí ti wọ kànga àtijọ́ yẹn. Ó dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù, ó kígbe sókè pé omi wà, ògiri sì wó lé e lórí. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni. Mo fi ìka kà á. Ọjọ́ kẹta yẹn ni, èyí tí mo fi jókòó sórí òkúta.

Lójú gbogbo ìlú, mo ròyìn ìrìn mi láìfi nǹkan kan pamọ́, fìlà náà pẹ̀lú. Ìbídùn wà níbẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo ni wọ́n fi fìlà yẹn lọ̀ yín?"

Mo ní, "Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni, ìyàwó. Ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ó kú."

Ó dìde, ó wọlé. Oṣù mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn kan nílùú ní mo ṣe dáadáa, àwọn kan ní ǹ bá ti gba fìlà, kí n wá dà á nù lójú ọ̀nà. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo gbọ́ pé ìjọba ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta ní Ìlú Ajùmọ̀jókòó láti ìgbà náà títí di òní. Fìlà Pupa tilẹ̀ ti padà wọlé nígbà kan. Òròmù kò dá mọ́.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ikú àbúrò mi, mo wà létí odò, mo ń fọ awọ ẹran. Ìbídùn wá pọnmi. Ó pọn ọ́n tán, kò gbé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní, "Ìyàwó."

Ó ní, "Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ká ní ẹ gba fìlà yẹn, ọkọ mi ì bá wà láàyè. Lọ́jọ́ kan ṣá, ẹlòmíràn ì bá dé pẹ̀lú fìlà tirẹ̀, wọn ì bá tún ti odò, àwọn ọmọ mi ni òùngbẹ náà ì bá sì pa. Mo ṣì ń bínú sí yín. Bóyá n ó máa bínú títí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ẹ ṣìṣe."

Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó ń lọ sílé. Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, mo padà sídìí awọ ẹran mi, mo ń fọ̀ ọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn mi tán sí, èyí tí ó kù nínú ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ tiyín ni yóò rìn ín.